Púlì kékeré, wàhálà ńlá: ẹ gbọ́ tèmi kí ẹ tó fọwọ́ kan bẹ́líìtì mọ́tò yín

1.
Ẹ ti rí irú fídíò yẹn rí. Òyìnbó kan á ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, á tú púlì ńlá tó wà nísàlẹ̀ ẹ́ńjìnì, á fi kékeré kan tó ń dán yanranyanran rọ́pò ẹ̀, á ní mọ́tò òun ti lágbára sí i. Lábẹ́ ẹ̀, àwọn èèyàn wa á máa béèrè pé: "Ẹ jọ̀ọ́, níbo la ti lè rí i rà l'Ékòó?"

Èsì tèmi rèé: ẹ má rà á. Ó kéré tán, ẹ má rà á fún mọ́tò tí ẹ ń gbé lọ síbi iṣẹ́. Mo fẹ́ ṣàlàyé ìdí ẹ̀ dáadáa, torí náà ọ̀rọ̀ yìí máa gùn díẹ̀. Ẹ fara balẹ̀.

2.
Underdrive pulley ni wọ́n ń pè é. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ mú lọ, tí ẹ ò bá tiẹ̀ ka ìyókù: púlì yìí ń gba iná lọ́wọ́ yín níbi tí ẹ ti nílò iná jù, ó sì ń fún yín lágbára níbi tí mọ́tò yín kì í sábà dé.

Kí ẹnì kan tó sì wá bi mí pé kí lobìnrin mọ̀ nípa ẹ́ńjìnì: ìṣirò la fẹ́ ṣe níbí, kì í ṣe irùngbọ̀n la fẹ́ kà.

3.
Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀. Kíránkì ni irin tó ń yí nínú ẹ́ńjìnì. Púlì kan wà lẹ́nu ẹ̀ níta. Bẹ́líìtì gba orí púlì yẹn kọjá, òun ló ń yí alternator. Nínú ọ̀pọ̀ mọ́tò, bẹ́líìtì kan náà ló tún ń yí pọ́ńpù omi, kọ̀ńpírẹ́sọ̀ AC àti pọ́ńpù sítíárìn.

Alternator ló ń ṣe iná. Iṣẹ́ bátìrì ni kó ta mọ́tò jí. Tí ẹ́ńjìnì bá ti dìde, alternator ló yẹ kó máa gbé gbogbo ẹrù: iná iwájú, fáànù, rédíò, kọ̀ǹpútà mọ́tò, kó sì tún máa ṣáájì bátìrì padà.

4.
Ẹ rántí màṣíìnì ìránṣọ ẹlẹ́sẹ̀ tí àwọn ìyá wa ń lò? Táyà ńlá wà nísàlẹ̀, ẹsẹ̀ ló ń yí i. Táyà kékeré wà lókè, òun ló ń yí abẹ́rẹ́. Awọ tẹ́ẹ́rẹ́ ló so àwọn méjèèjì pọ̀. Torí pé ti ìsàlẹ̀ tóbi, tí ẹ bá yí i lẹ́ẹ̀kan, ti òkè á ti yí lẹ́ẹ̀melòó kan. Ìdí nìyẹn tí abẹ́rẹ́ fi ń sáré ju ẹsẹ̀ lọ.

Ẹ wá fi táyà kékeré rọ́pò ti ìsàlẹ̀. Ẹsẹ̀ yín ń ṣe bó ṣe ń ṣe tẹ́lẹ̀, àmọ́ abẹ́rẹ́ ti ń falẹ̀. Ohun tí púlì kékeré ń ṣe fún alternator gẹ́lẹ́ nìyẹn.

5.
Ó yá, ìṣirò. Ẹ jẹ́ ká mú mọ́tò kan tí púlì kíránkì ẹ̀ fẹ̀ tó mìlímítà 150, tí púlì alternator ẹ̀ sì jẹ́ 60. 150 pín sí 60 jẹ́ 2.5. Ìtumọ̀ ẹ̀ ni pé tí kíránkì bá yí lẹ́ẹ̀kan, alternator á yí lẹ́ẹ̀méjì àbọ̀.

Tí mọ́tò bá dúró sójú kan, tí ẹ ò tẹ tọ́tù, kíránkì á máa yí nǹkan bí 750 láàárín ìṣẹ́jú kan. Alternator á máa yí 1,875.

Ẹ wá fi púlì tó kéré sí ti tẹ́lẹ̀ ní ìdá kan nínú mẹ́rin sí i. 150 di 112.5. Alternator wá ń yí nǹkan bí 1,406 péré.

Ní títì márosẹ̀ ńkọ́, tí kíránkì ń yí 3,000? Tẹ́lẹ̀, alternator ń yí 7,500. Báyìí, ó ń yí 5,625.

6.
Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣì í. Wọ́n á ní: "Ṣebí ìdá kan nínú mẹ́rin náà ni, kí ló burú níbẹ̀?"

Iná tí alternator ń ṣe kì í tẹ̀ lé eré ẹ̀ ní ìwọ̀n kan náà. Tó bá ń yí díẹ̀díẹ̀, kò ní ṣe iná kankan rárá. Tó bá ti kọjá ibì kan, tó sábà máa ń wà láàárín 1,000 sí 1,500, iná á bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè kíákíá bí ẹni gun àtẹ̀gùn. Tó bá wá sún mọ́ 6,000, àtẹ̀gùn ti tán, pẹrẹsẹ ló kù.

Ẹ padà sórí nọ́ḿbà wa. Láti 7,500 sí 5,625, orí pẹrẹsẹ la ṣì wà, ẹ lè má mọ ìyàtọ̀ kankan. Àmọ́ láti 1,875 sí 1,406, a ti yọ̀ wálẹ̀ lórí àtẹ̀gùn gan-an. Alternator tí wọ́n kọ áḿpù 100 sí lára lè máa fún yín ní nǹkan bí 50 ní 1,875, kó wá jẹ́ 30 tàbí kó má tó bẹ́ẹ̀ ní 1,406. Iye tó máa jẹ́ gan-an dọwọ́ irú alternator tó jẹ́, àmọ́ bó ṣe ń ṣe nìyẹn.

Ẹ má sì jẹ́ kí nọ́ḿbà 100 yẹn tàn yín jẹ. Wọ́n sábà máa ń wọn iye tí wọ́n kọ sára alternator nígbà tó bá ń yí 6,000. Kì í ṣe iye tó ń ṣe nínú gósíló.

7.
Gósíló. Ibẹ̀ lọ̀rọ̀ wà.

Òjò ń rọ̀, alẹ́ ti lẹ́, ẹ wà ní Ọ̀jọ́ta tàbí lórí Third Mainland, mọ́tò ń rìn bí ìgbín. Ẹ jẹ́ ká ka ohun tó ń jẹ iná. Iná iwájú méjì, wáàtì 55 ọ̀kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú iná ẹ̀yìn: bíi áḿpù 10. Wáípà: 5. Fáànù tó ń fẹ́ AC sí yín lójú: 12. Fáànù rédíétọ̀: 15. Pọ́ńpù epo, púlọ́ọ̀gì, kọ̀ǹpútà: 12. Rédíò àti fóònù méjì tó ń gba ṣáájì: 5.

Àròpọ̀ ẹ̀: 59. Ẹ pè é ní 60.

8.
Pẹ̀lú púlì tí wọ́n fi ṣe mọ́tò, alternator ń mú 50 wá, bátìrì ń fi 10 kún un. Kò burú púpọ̀, tí ọ̀nà bá ṣí díẹ̀, alternator á san gbèsè náà padà.

Pẹ̀lú púlì kékeré, alternator mú 30 wá. Bátìrì á máa fi 30 kún un. Bátìrì tí wọ́n kọ 60Ah sí lára, tó bá ń tú 30 jáde, wákàtí méjì ló máa fi gbẹ, ìyẹn tó bá ṣì jẹ́ tuntun. Èwo nínú wa ni ò tíì lo wákàtí méjì nínú gósíló rí?

Òótọ́ ni pé fáànù rédíétọ̀ máa ń kú, ó máa ń tàn, gbogbo nǹkan kì í jẹ iná lẹ́ẹ̀kan náà. Àmọ́ tèmi náà ò tíì ka anpilifáyà àti sọ́fà tí àwọn kan tò sí búùtù.

9.
Ohun tó sì ń ṣẹlẹ̀ kì í ṣe lọ́jọ́ kan. Bátìrì tí kì í kún dáadáa, ohun funfun kan máa ń gan mọ́ irin inú ẹ̀. Tó bá pẹ́ níbẹ̀, á le, kò sì ní gba ṣáájì bó ṣe yẹ mọ́. Lóṣù díẹ̀ sí i, ẹ ti ń ra bátìrì míì. Ríwáyà á ní bátìrì Ṣáínà ni. Ẹni tó tà á á ní ríwáyà ò mọṣẹ́. Àwọn méjèèjì á máa jà, púlì á kàn máa yí lọ ní tiẹ̀.

10.
"Ṣùgbọ́n ó ń fún mọ́tò lágbára, àbí?"

Ẹ jẹ́ ká wò ó. Áḿpù 60 ní fólítì 14 jẹ́ wáàtì 840. Alternator kì í sọ gbogbo agbára tó gbà lọ́wọ́ ẹ́ńjìnì di iná, díẹ̀ lé ní ìdajì ló ń di iná, ìyókù ń di ooru. Torí náà, ó máa gba nǹkan bíi wáàtì 1,500 lọ́wọ́ ẹ́ńjìnì. Agbára ẹṣin kan jẹ́ wáàtì 746. Ẹṣin méjì nìyẹn.

Méjì o! Tí ẹ bá tú alternator jù sígbó pátápátá, ẹṣin méjì lẹ máa jèrè. Lára mọ́tò tó ní 150, ta ló máa mọ̀ ọ́n lára?

11.
Ẹ sì tún gbọ́ eléyìí. Bí alternator bá ń falẹ̀ tó ṣì ń gbé ẹrù kan náà, régúlétọ̀ inú ẹ̀ á kàn mú kó wúwo sí i lọ́wọ́ ẹ́ńjìnì. Eré dín kù, ìwúwo pọ̀ sí i, agbára tó ń gbà ò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀. Tí kò bá wá lè gbé ẹrù náà mọ́, bátìrì ló ń gbé ìyókù, ẹ́ńjìnì á sì san án padà lọ́la pẹ̀lú èlé. Kò sí bá a ṣe fẹ́ se ebòlò tí kò ní rùn ìgbẹ́. Iná tí mọ́tò ń lò, ẹ́ńjìnì ló máa sanwó ẹ̀. Àwìn ni púlì kékeré ń bá yín rà.

12.
Ṣé irọ́ wá ni gbogbo ẹ̀? Rárá, mi ò sọ bẹ́ẹ̀. Ẹ jẹ́ ká fún wọn ní ẹ̀tọ́ wọn.

Amẹ́ríkà ni àṣà yìí ti gbilẹ̀, láàárín àwọn tó ń fi mọ́tò díje nínú eré kúkúrú. Nínú eré bẹ́ẹ̀, ẹ́ńjìnì ń ké ní 6,000. Níbẹ̀, alternator, pọ́ńpù omi àti pọ́ńpù sítíárìn ń yí lódìlódì ju bó ṣe yẹ lọ, wọ́n sì ń jẹ agbára lásán. Tí ẹ bá dín eré wọn kù, ẹ máa jèrè díẹ̀ lóòótọ́. Púlì tó fúyẹ́ náà á jẹ́ kí ẹ́ńjìnì tètè dìde. Eré náà ò sì pé ìṣẹ́jú kan, bátìrì lè gbé e. Tó bá parí, wọ́n á fi ṣájà sí i.

Fún irú èèyàn bẹ́ẹ̀, ọgbọ́n ni. Àmọ́ ṣé ẹ̀yin ń sáré ìṣẹ́jú àáyá 13 lọ síbi iṣẹ́ ni?

13.
Àwọn Amẹ́ríkà náà ti rí i lójú ara wọn. Ford Mustang 5.0 tí wọ́n ṣe láti ìparí àwọn ọdún 1980 sí 1993, àwọn ọ̀dọ́ ibẹ̀ fẹ́ràn láti fi púlì yìí sí i. Alternator tó wà lára ẹ̀ ò ju bíi áḿpù 75 lọ. Ẹ̀yin náà ti mọ ohun tó ṣẹlẹ̀: tí wọ́n bá dúró níbi tráfíìkì láàárọ̀ alẹ́, iná iwájú á máa ṣẹ́jú, mítà fólítì á máa wálẹ̀.

Nígbà tí Mustang ọdún 1994 jáde pẹ̀lú alternator áḿpù 130, ńṣe ni àwọn onímọ́tò àtijọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í tú irú ẹ̀ sí tiwọn. Ẹ rí i? Wọ́n ra púlì, wọ́n tún wá ra alternator tó tóbi láti fi wo àìsàn tí púlì dá sílẹ̀.

14.
Iná nìkan kọ́. Bẹ́líìtì yẹn ń yí nǹkan míì. Tí pọ́ńpù omi bá wà lórí ẹ̀, òun náà á falẹ̀, nínú oòrùn tiwa yìí. AC á máa fẹ́ afẹ́fẹ́ gbígbóná tí mọ́tò bá dúró. Sítíárìn lè le lọ́wọ́ tí ẹ bá fẹ́ páàkì.

Èyí tó tún burú jù: nínú ọ̀pọ̀ mọ́tò, púlì kíránkì kì í ṣe púlì lásán. Rọ́bà wà láàárín irin méjì lára ẹ̀, iṣẹ́ ẹ̀ ni láti mú gbígbọ̀n kíránkì rọlẹ̀. Tí ẹ bá fi irin lásán tí kò ní rọ́bà rọ́pò ẹ̀, gbígbọ̀n náà á máa lọ tààrà sínú kíránkì. Ẹ béèrè lọ́wọ́ mẹkáníìkì yín iye tí ẹ́ńjìnì "Bẹ́líjíọ̀mù" jẹ́ lónìí.

15.
Ó dáa. Ọ̀pọ̀ yín á ní: "Èmi ò fẹ́ sáré kankan, kò kàn mí." Ó lè kàn yín. Apá yìí ni mo tiẹ̀ tìtorí ẹ̀ kọ gbogbo eléyìí.

Alternator yín kú. Mẹkáníìkì lọ sí Ládípọ̀, ó mú Bẹ́líjíọ̀mù bọ̀. Ó wọ ibẹ̀, ihò bóòtù bára mu, iná bátìrì kú lójú dáṣíbọ́ọ̀dù, ẹ sanwó, ẹ lọ. Àmọ́ ara mọ́tò míì ni wọ́n ti tú alternator yẹn, púlì ti ibẹ̀ ló sì bá a wá.

Ká ní púlì ti tẹ́lẹ̀ jẹ́ mìlímítà 55, tí èyí jẹ́ 68. Púlì kíránkì yín ṣì jẹ́ 150, ó ṣì ń yí 750. Ti tẹ́lẹ̀ ń yí nǹkan bí 2,045. Tuntun yìí ń yí nǹkan bí 1,654. Ó ti fi nǹkan bí ìdá kan nínú márùn-ún falẹ̀.

Ẹ ti ṣe underdrive láìmọ̀. Púlì ńlá lórí alternator àti púlì kékeré lórí kíránkì, ọmọ ìyá ni wọ́n.

16.
Torí náà, ẹ jọ̀ọ́, kí wọ́n tó da alternator àtijọ́ nù, ẹ gbé méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Ẹ fi rúlà wọn púlì láti etí dé etí. Ẹ ka ìlà tó wà lára ẹ̀ pẹ̀lú, kó bá bẹ́líìtì yín mu. Tí púlì bá yàtọ̀, ẹ ní kí wọ́n tú ti tẹ́lẹ̀ sórí tuntun, tí irin àárín ẹ̀ bá gbà á. Iṣẹ́ kékeré ni lọ́wọ́ ẹni tó bá ní irinṣẹ́ ẹ̀. Tí wọ́n bá ní "kò sí ìyàtọ̀, màdáámù", ẹ rẹ́rìn-ín, kí ẹ sì tún mú rúlà yín jáde.

17.
Ẹ fẹ́ mọ̀ bóyá ó ti ń ṣe mọ́tò yín? Ẹ ní kí ríwáyà fi mítà sí orí bátìrì, kí ẹ́ńjìnì máa ṣiṣẹ́, kí ẹ má tẹ tọ́tù. Ẹ tan iná iwájú, AC, wáípà. Ẹ gbọ́dọ̀ tan wọ́n o, torí kọ̀ǹpútà àwọn mọ́tò kan máa ń mọ̀ọ́mọ̀ dín ṣáájì kù tí ẹrù ò bá sí.

Tí mítà bá dúró sí 13.5 sókè, ọkàn yín balẹ̀. Tó bá wálẹ̀ sí 12.6 tàbí ìsàlẹ̀ ẹ̀, bátìrì ló ń gbé ẹrù.

Ẹ wá tẹ tọ́tù díẹ̀, kí ẹ́ńjìnì dé 2,000. Tí mítà bá fò sókè sí 14, ó ṣeé ṣe kí ara alternator le, eré ẹ̀ ni kò tó: ẹ wo púlì, kí ẹ sì wo bẹ́líìtì bóyá ó ń yọ̀. Tí kò bá gbéra, ara alternator fúnra ẹ̀ ni kí ẹ wò.

Ìṣẹ́jú márùn-ún péré. Ẹ ṣe é kí ẹnikẹ́ni tó ta bátìrì tuntun fún yín.

18.
Ẹnì kan máa sọ pé: "Tó bá rí bẹ́ẹ̀, ká kúkú fi púlì kékeré sórí alternator, kó máa sáré." Ó ṣiṣẹ́, àmọ́ ó ní ààlà. Fi 50 síbẹ̀, 150 pín sí 50 jẹ́ 3. Tí ẹ bá wá tẹ mọ́tò dé 6,500, alternator á máa yí 19,500. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ò gbọ́dọ̀ kọjá nǹkan bí 18,000. Púlì tó kéré jù náà kì í fún bẹ́líìtì láyè láti dì í mú, á máa yọ̀, á máa han gooro.

Tí ẹrù yín bá pọ̀ lóòótọ́, ẹ wá alternator tó ń ṣe iná púpọ̀ ní eré kékeré, pẹ̀lú púlì tó bá mọ́tò yín mu. Kí ẹ béèrè iye tó ń ṣe nígbà tí mọ́tò dúró, ẹ má kàn béèrè nọ́ḿbà ńlá tó wà lára ẹ̀.

19.
Mo sì mọ̀ pé ẹnì kan máa ní bọ̀dá òun ti ń lo púlì kékeré lọ́dún méjì, kò sì sí wàhálà. Ó ṣeé ṣe. Bóyá òru ló ń rìn nígbà tí ọ̀nà ti ṣí, bóyá alternator ẹ̀ tóbi, bóyá kì í tan AC. Àmọ́ tí nǹkan ò bá tíì bà jẹ́ lọ́wọ́ ẹnì kan, ìyẹn ò sọ pé ó dára fún gbogbo wa.

20.
Èyí tó dùn mí jù ni ti àwa tí a ń ṣe fídíò. Ó rọrùn láti gé ibi tí ẹ́ńjìnì ti ń ké, ká fi orin sí i, ká fi líǹkì ọjà sábẹ́ ẹ̀. Ibi tí mọ́tò ti kú sórí afárá ní aago mẹ́wàá alẹ́, tí iná ẹ̀ ò tàn mọ́, tí tírélà ń bọ̀ lẹ́yìn, kì í wọ inú fídíò. Ẹni tó wà nínú mọ́tò yẹn lè jẹ́ ẹ̀gbọ́n yín obìnrin. Ó kéré tán, ká máa sọ ẹni tí nǹkan wà fún, àti ẹni tí kò wà fún.

Àwọn tó ṣe mọ́tò yín ti ṣe ìṣirò púlì yẹn: òjò, alẹ́, gósíló. Kí ẹ tó yí i padà, ẹ ṣe tiyín náà. Rúlà kan àti fóònù yín ti tó o.

Ẹ fi èyí ránṣẹ́ sí ẹni tó fẹ́ ra alternator lọ́sẹ̀ yìí. Tí ẹ bá ti wọn púlì yín, ẹ kọ nọ́ḿbà méjèèjì sísàlẹ̀, ká jọ ṣírò ẹ̀.